Ẹnì Kan Bí Ẹgbẹ́: Ìtàn Orin Àyípo ní Ìkẹjà àti Agége

Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Bí ọ̀ràn orin ti rí láàrin wa nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Onílù kan ṣoṣo lè fi ìyáàlù ki ọba, ó sì lè fi í jí baálé ilé ní òwúrọ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ijó, àfi kí àwọn omele wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni ẹnu ṣe ń ya àgbàlagbà tí ó bá bá ara rẹ̀ níbi àpèjẹ kan ní Ìkẹjà lónìí, tí ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dá dúró lórí ìtàgé, gìtá lọ́rùn rẹ̀, makirofóònù níwájú rẹ̀, àpótí irin pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò tóbi ju Bíbélì lọ. Ọmọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ikùn gìtá bí ẹni ń lu àkúbà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ àpótí náà, ó gbé ọwọ́ kúrò. Síbẹ̀ ìlù náà ń lọ. Ó ta okùn tí ó nípọn, ó tún tẹ̀ ẹ́; ìlù àti okùn ń lọ pọ̀. Ó fi ohùn òkè gbè é, ó fi ohùn ìsàlẹ̀ gbè é. Kí a tó jẹ awẹ́ obì kan tán, ẹnì kan ti di ẹgbẹ́ olórin, òun fúnra rẹ̀ sì ń kọrin lé gbogbo rẹ̀ lórí bí ọ̀gá tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yí ká.

Lúùpù ni àwọn ọ̀dọ́ ń pe ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ, láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwa yóò pè é ní àyípo nínú àròkọ yìí, nítorí pé yíyípo ni iṣẹ́ rẹ̀. A fẹ́ wádìí ibi tí ó ti wá, ohun tí ó bá nílẹ̀ ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége, àti ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà nínú ewu nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ àpótí náà kò ṣòro láti yé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí olórin bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kíní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn pamọ́. Nígbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń sọ ohun tí ó gbà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láti òpin padà sí ìbẹ̀rẹ̀, láìdúró. Ohunkóhun tí a bá fi lé e lẹ́yìn èyí, yóò dàpọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ ní ìtẹ̀ kejì, àlàfo yóò wọ inú orin, àlàfo náà yóò sì máa padà wá ní gbogbo ìyípo, bí ìrìn ẹni tí ẹ̀gún gún ní gìgísẹ̀. Omele tí ó ṣi ìlù lù lè tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ẹ̀rọ kì í tún nǹkan ṣe. Ohun tí ó bá gbọ́ ni yóò máa wí, ìbáà ṣe ọgbọ́n, ìbáà ṣe àṣìṣe, títí ẹni tí ó ni ín yóò fi pa á lẹ́nu mọ́. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò dáadáa ṣe máa ń fi ohun tí ó rọrùn jù lọ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi jókòó sí. Ẹni tí ó bá fi ìpín àkọ́kọ́ kún gbogbo àyè yóò rí i pé ìpín kẹrin ti di ariwo ọjà.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti kọ́ kíláàsì ní orin àlétẹ̀lé, nínú èyí tí ìlà kan bẹ̀rẹ̀ orin, tí ìlà kejì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí nígbà tí àwọn ti àkọ́kọ́ dé gbólóhùn kejì, ẹ ti mọ ìdí ọ̀ràn yìí tipẹ́. Gbólóhùn kúkúrú tí a bá fi ẹ̀sọ̀ gbé kalẹ̀ lè ru ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ ohun tí ó jẹ́ láti fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ àyípo tí ó jinlẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wa ni agbo ìlù. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ lọ títí. Àwọn ìyókù, ìsáájú, kànnàǹgó, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú, olúkúlùkù di gbólóhùn kúkúrú kan mú, ó sì ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ. Bí a bá gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀, kò ní dùn létí ẹnikẹ́ni. Bí a bá gbọ́ wọn pọ̀, kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dúró jẹ́ẹ́. Nínú agbo bàtá bákan náà, omele ni ó ń mú ìlù ró kí ìyáàlù lè rí ibi rìn sí.

Kí a sì kíyèsí ẹni tí a máa ń gbé ìlù kékeré wọ̀nyí lé lọ́wọ́. Nínú agboolé àwọn ọmọ Àyàn, orí ìlù kékeré ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò lu gbólóhùn kan ṣoṣo fún wákàtí mẹ́ta níbi ìsìnkú, apá yóò máa ro ó, oorun yóò máa kùn ún, etí rẹ̀ yóò sì máa gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ń fi ìyáàlù sọ. Ọdún gun orí ọdún kí a tó jẹ́ kí ó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Àsọtúnsọ náà ni owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó san. Ọ̀rọ̀ yìí ni a óò padà sí.

Ohun tí àwọn Òyìnbó ṣe nínú ìtàn yìí ni pé wọ́n wá ọ̀nà tí ohun tí kì í ṣe ènìyàn yóò fi di omele. Láti ìgbà tí àwo giramafóònù ti dé ni ohùn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lórí àwo. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan nínú àwọn tí ohùn wọn kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ni àlùfáà Josaiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí a bí ní 1855 tí ó sì kú ní 1930. Ní 1922, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sórí àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. A ó tún pàdé ìdílé rẹ̀ ní Ìkẹjà láìpẹ́. Ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lórí irú àwo bẹ́ẹ̀ ń ká lọ sí inú bí ìkarahun ìgbín ni. Ṣùgbọ́n bí àwo bá sán, abẹ́rẹ́ a máa fò padà, a sì máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà títí a ó fi gbé e kúrò. Ilé púpọ̀ ni a ti fi irú àwo bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ní 1948, Pierre Schaeffer tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Paris kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gé ipa abẹ́rẹ́ kí ó di òbìrí tí kò ní òpin, ó sì fi ohùn ọkọ̀ ojú irin ṣe orin. (Kí a má gbàgbé pé ní 1944, ọdún mẹ́rin ṣáájú èyí, Halim El-Dabh ará Íjíbítì ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ibi ayẹyẹ àwọn obìnrin ní Kairo, tí ó sì fi ohùn wọn ṣe iṣẹ́ tuntun ní ilé-iṣẹ́ rédíò.)

Lẹ́yìn àwo ni téèpù dé. Ẹni tí ó bá gé téèpù tí ó sì lẹ orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ti ní àyípo lọ́wọ́. Ní 1964, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Steve Reich gba ohùn oníwàásù kan sílẹ̀ ní gbangba òde ní San Francisco, tí ọkùnrin náà ń wàásù nípa ìkún omi ìgbà Nóà. Ó gé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi í sí orí ẹ̀rọ méjì, ó sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa yí lọ pọ̀. Nítorí pé ẹ̀rọ méjì kì í sáré dọ́gba, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwájú ìkejì díẹ̀díẹ̀, títí ìwàásù fi di ìlù. Ohun tí ó wù wá jù nínú ìtàn Reich ni ibi tí ó gbà lọ lẹ́yìn náà. Ní 1970, ó wọ ọkọ̀ wá sí Ghana, ó sì jókòó níwájú Gideon Alorwoyie, ọ̀gá onílù ọmọ Ewe, ní yunifásítì tí ó wà ní Legon, láti kọ́ ìlù lílù. Àwọn Ewe àti àwa jẹ́ aládùúgbò. Togo àti Benin nìkan ni ó là wá láàrin. Ọkùnrin tí ó ti fi téèpù wá àyípo kiri rí i níbẹ̀ pé àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ṣe é tipẹ́tipẹ́, agogo kan ní ń di gbogbo agbo mú, ìlù kọ̀ọ̀kan sì ń wọlé ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé, ó kọ iṣẹ́ ńlá kan fún àwọn onílù, ó sì parí rẹ̀ ní 1971. Ènìyàn ni ó ń lù ú. Kò sí téèpù nínú rẹ̀.

Ìyókù ìtàn ẹ̀rọ náà a lè sọ ní kúkúrú. Brian Eno àti David Byrne fi ohùn tí wọ́n gbà láti orí rédíò àti orí àwo ṣe orin àyípo kan tí ó jáde ní 1981, wọ́n sì fi orúkọ ìwé Amos Tutùọlá ọmọ Abẹ́òkúta, èyí tí a tẹ̀ ní 1954, sọ ọ́. Ìwé Tutùọlá náà kún fún ohùn tí a kò mọ ara tí ó ni ín. A kò rò pé wọ́n ṣìnà nínú yíyan orúkọ. Láàrin 1994 sí 2001, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Lexicon àti Boss mú ẹ̀rọ náà kéré títí ó fi di ohun tí a lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gbé sínú àpò. Ní July 2015, Ed Sheeran dá dúró fún alẹ́ mẹ́ta ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú gìtá àti àpótí yìí nìkan, níwájú àwọn èrò tí ó tó 80,000 ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́ wa tí ó mọ orúkọ rẹ̀ nítorí orin tí òun àti Fireboy ọmọ Abẹ́òkúta jọ kọ ní 2021 lè má mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní í gbé e ró ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Agége àti Ìkẹjà ti mọ ohun tí ń yípo kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹ̀rọ orin dé ibẹ̀. Ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ní 1896, tí a sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, la àárín wọn kọjá. Ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ lórí irin, kan náà, kan náà, ni àwọn tí ń kó obì Agége lọ sí òkè Ọya ń gbọ́ sùn. Lẹ́yìn náà, láti àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ pín ilẹ̀ Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́: ti aṣọ, ti táyà, ti ọtí, ti oúnjẹ. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa kọ́kọ́ ti mọ iṣẹ́ tí a ń fi ọwọ́ kan ṣe ní àṣetúnṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ẹnì kejì yóò sì gbà á lọ́wọ́ wa nígbà tí fèrè bá dún.

Ní 1970, ọdún kan náà tí Reich ń kọ́ ìlù ní Ghana, Fẹlá, ọmọ-ọmọ àlùfáà Ransome-Kuti tí a dárúkọ lókè, ti dé láti Amẹ́ríkà, ó sì ń fi orin tí ó pè ní Afrobeat lélẹ̀ ní Èkó. Ilé rẹ̀ àti gbọ̀ngàn rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó lókìkí wà ní Ìdí-Òro, ní ojú ọ̀nà Agége. Àwọn sójà sun ilé náà ní 18 February 1977. Lẹ́yìn náà ni ó kó lọ sí Ìkẹjà, ó gbé gbọ̀ngàn rẹ̀ kalẹ̀ ní òpópó Pepple, ilé rẹ̀ sì wà ní òpópó Gbémisọ́lá, níbi tí a sin ín sí ní 1997. A lè jiyàn lórí ìwà rẹ̀ àti lórí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé òun ni àyípo tí ó tóbi jù lọ tí a tíì fi ènìyàn ṣe ní agbègbè yìí.

Nínú orin Fẹlá, gìtá kan ń ta gbólóhùn kékeré kan tí kò ju ìpajú mẹ́rin lọ, kò sì ní yí i padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gìtá kejì ń gé ohùn kúkúrú sí àlàfo tí ti àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ní gbólóhùn tirẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, igi ní tirẹ̀, àkúbà ní tirẹ̀. Orin tí ó ń jẹ́ Confusion, tí ó jáde ní 1975, gba ojú àwo méjèèjì, ó lé ní ìṣẹ́jú 25. Ẹni tí ó ń ta gìtá nínú irú orin bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí àpótí abẹ́ ẹsẹ̀ ń ṣe lónìí, àfi pé ìka rẹ̀ ń ro ó. Fẹlá fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣẹ̀dá ìpín kọ̀ọ̀kan, yóò kọ ọ́ lẹ́nu fún ẹni tí ó ni ín, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ fi ti ara rẹ̀ kún un. Tony Ọládípọ̀ Allen tí ń lu ìlù ńlá ni ó yàtọ̀: òun ni Fẹlá fi sílẹ̀ kí ó máa lu ohun tí ó bá rò. Nítorí náà bí ẹnìkan bá wí pé Fẹlá sọ ènìyàn di ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ tó dé, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Allen fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní nǹkan bí 1979. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀pọ̀ èrò tí ń jẹ lára iṣẹ́ náà wà lára ohun tí òun fúnra rẹ̀ kà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá kì í ṣe ohun tí a ń bọ́ pẹ̀lú ẹnu. Bákan náà ni ó rí fún jùjú: ẹgbẹ́ Túndé King ní àwọn ọdún 1930 kò ju ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí Sunny Adé mókè, ó ń kó ogún ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kiri, ìdajì wọn ni kò sì ní ju gbólóhùn kan lọ láti ta tàbí láti lù ní gbogbo òru.

Nígbà tí Fẹlá kú, àwọn ọmọ rẹ̀, Fẹ́mi àti Yẹni, kọ́ gbọ̀ngàn mìíràn ní Agídìngbì ní Ìkẹjà, wọ́n ṣí i ní 2000, wọ́n sì pè é ní New Afrika Shrine. Níbẹ̀, ní 2017, Fẹ́mi di ohùn kan ṣoṣo mú lórí fèrè saxophone fún ohun tí ó lé ní ìṣẹ́jú 50, ohùn náà kò sì já. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé oògùn ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ mọ àṣírí rẹ̀: bí ẹwìrì kan bá ń fẹ́, èkejì a máa gba afẹ́fẹ́ sínú, bẹ́ẹ̀ ni iná kì í kú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ afunfèrè ni ẹwìrì kan. Yóò fi í fẹ́ fèrè nígbà tí imú ń fa afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn Hausa tí ń fọn algaita ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn Hausa sì ti ń gbé Agége láti ìgbà òwò obì. A mú un wá síhìn-ín nítorí pé ohun tí Fẹ́mi ṣe jẹ́ ìdáhùn kan sí ẹ̀rọ: ẹnì kan dá ṣe ohun tí kò lópin, láìsí iná mànàmáná.

Iná mànàmáná yìí ni ó sì yẹ kí a fi bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ilé-iṣẹ́ Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, ọ̀wọ́n iná sì wà lára ìdí rẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí olórin àyípo wà lórí ìtàgé, tí ẹ̀rọ amúnáwá kò sì tètè jí, kì í ṣe ohùn gìtá nìkan ni yóò lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ tí ó fi ẹsẹ̀ kó jọ yóò tú ká lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlù àkọ́kọ́. Agbo dùndún a máa lù lọ nínú òkùnkùn, àwọn ènìyàn a sì máa jó.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń ṣe ìnáwó kò fi òkùnkùn ṣírò. Owó ni wọ́n fi ń ṣírò. Olórin kan gba owó ẹnì kan, ó jẹ oúnjẹ ẹnì kan, ọkọ̀ kan ni ó gbé e wá. Ṣáájú ẹ̀rọ àyípo ni a ti ń rí ẹni tí ó dá gbé dùùrù oníná lọ síbi àríyá, tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti kó ìlù sínú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní abúlé kọ̀ǹpútà ní òpópó Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ọmọdé tí ó rí kọ̀ǹpútà àlòkù rà lè fi ètò FruityLoops, èyí tí ó jáde ní Belgium ní 1997, to ìlù àyípo jọ nínú yàrá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin tí a ń gbọ́ nínú ọkọ̀ láti Agége dé Ọjọ́ta ni a fi irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe. Nínú gbogbo wọn, àwa fi ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ń lo àpótí ẹsẹ̀ jù lọ, nítorí pé ojú wa kòrókòró ni ó ti ń hun ún, a sì rí i bí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ohun tí ó ń yípo. Kò ra ìlù elòmíràn. Ọ̀dọ́ tí kò ní owó láti kó ènìyàn mẹ́jọ jọ, tí kò sì rí ọlọ́lá tí yóò gbé e ró, ti rí ọ̀nà tí yóò fi gbọ́ orin tí ó wà lórí rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún un pé kí ó dákẹ́ títí yóò fi dí olówó?

Síbẹ̀ ẹni tí ń lu omele ní ẹnu láti jẹun. Kì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan ni a ti rí ìjà yìí. Ní 1941, Sidney Bechet, afunfèrè ọmọ Amẹ́ríkà, fi ohun èlò mẹ́fà ṣe orin kan lórí àwo, òun nìkan, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ní August 1942, ẹgbẹ́ àwọn olórin ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ olórí wọn James Petrillo, kọ̀ láti ṣe àwo fún ilé-iṣẹ́ kankan mọ́, nítorí pé àwo ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olórin tí ó wà láàyè. Ó di 1944 kí ìjà náà tó parí tán, àwọn ilé-iṣẹ́ sì gbà láti máa san nǹkan sí àpò àwọn olórin. Àwọn onílù Agége kò ní Petrillo. Ẹni tí a kò pè síbi ìnáwó mọ́ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó rọ́pò òun. Yóò rò pé ọjà kò tà ni.

Èyí tí ó dùn wá jù sì ni ti ọmọ kékeré tí a sọ pé a ó padà sí. Bí ẹ̀rọ bá gba ìlù kékeré, ibo ni ọmọ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ìyáàlù kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú yàrá. Inú àsọtúnsọ omele ni etí ti ń là, tí ọmọ ti ń mọ ìgbà tí ìyáàlù fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà kí ó tó yí i, tí yóò sì sún ìlù tirẹ̀ díẹ̀ láti gbà á láyè. Ẹ̀rọ náà kò létí irú èyí. Kò mọ̀ bí ìyá ìyàwó ti ń wọlé, kò mọ̀ bí ijó ti gbóná tàbí bí ó ti rọ̀. Ó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì di adití. Ọlọ́gbọ́n olórin mọ èyí, nítorí náà ni Lionel Loueke ọmọ Kutọnu, tí ó lè fi gìtá kan àti ahọ́n rẹ̀ tí ń ró bí ìlù ṣe iṣẹ́ agbo odindi, kì í dá wà nígbà gbogbo; a ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Herbie Hancock àti ọ̀pọ̀ olórin mìíràn.

Ní Agídìngbì náà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Ní 2021, Mádé, ọmọ Fẹ́mi, ẹni tí àlùfáà Ransome-Kuti jẹ́ bàbá fún bàbá bàbá-bàbá rẹ̀, gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, tí ń jẹ́ For(e)ward. Òun nìkan ni ó fi gbogbo ohun èlò inú rẹ̀ ṣe iṣẹ́: ìlù, gìtá, dùùrù, kàkàkí òyìnbó, saxophone, ó fi ọ̀kan lé ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí Bechet ti ṣe, títí ẹnì kan fi di ẹgbẹ́ bàbá-bàbá rẹ̀. Àwo náà dára, a gbọ́ ọ léraléra. Nígbà tí ó sì di pé kí ó gbé orin wọ̀nyí lọ sí iwájú àwọn ènìyàn, kò gbé àpótí sí abẹ́ ẹsẹ̀. Ó kó àwọn olórin jọ, ó sọ wọ́n ní The Movement, ó pín ohun tí ó ti dá ṣe fún wọn, gìtá fún onígìtá, ìlù fún onílù, ó sì gba fèrè tirẹ̀ mú.